Kọfí, obì àti ikùn òfìfo: kí ni ó yẹ kí a máa fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́?

Olùkọ́_Gánmọ̀ kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ wà níhìn-ín. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní apá Gánmọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá wa ti ń múra ìdánwò WAEC. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í jẹun kí wọ́n tó jáde nílé. Ní òru, wọn a da kọfí inú ọ̀rá sínú mínírà dúdú, wọn a mì í pọ̀, wọn a sì mu ún kí oorun má baà gbé wọn lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tún mu agolo ẹ́nájì dírínkì kan lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọbìnrin kan síwájú pátákó láti wá yanjú ìṣirò. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìlà tí ó fà sábẹ́ ìṣirò náà wọ́ bí ipa ejò. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá, ó ní ara òun yá, àyà òun ni ó kàn ń lù kìkì. Agolo náà nìkan ni ó tíì kan ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn àgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń jẹ obì láti ìdájí títí di ọ̀sán, wọ́n ní ó ń pa ebi. Mo fẹ́ mọ ohun tí kaféènì inú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń ṣe nínú ara, iye tí ó pọ̀ jù, àti irú oúnjẹ àárọ̀ tí a lè fi ohun tí a ní nílẹ̀ wa sè, tí yóò gbé ọmọ dé àkókò ìsinmi láìjẹ́ pé ó ń tòògbé. Ìpàdé àwọn òbí ti sún mọ́lé, mi ò sì fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ sọ àsọdùn.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÒyì fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ohun tí ẹ rí lára ọmọ yẹn, àwa náà ń rí i ní ẹnu iṣẹ́ wa: ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà lílù, inú ríru, àìróorun-sùn.

Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí ń jẹ́ adenosine ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wa. Bí ó bá ṣe ń pọ̀ ni ara ń wúwo, tí oorun ń kun ni. Kaféènì jọ adenosine ní ìrísí, nítorí náà ó máa ń gba àyè tí adenosine ì bá jókòó sí lára iṣan ọpọlọ. Ó gba àyè náà, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ onílé, ìdí sì nìyẹn tí ojú fi ń dá ṣáṣá. Àárẹ̀ ọ̀hún kò kúrò níbì kankan. Ó ń kó jọ ni, títí kaféènì yóò fi tán lára, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì ya lu ẹni náà lẹ́ẹ̀kan.

Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 tí a bá mu ún ni ó ń pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gbà tó wákàtí 5 kí ara àgbàlagbà tó mú ìdajì rẹ̀ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹnìkan yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ wo ọmọ tí ó gbé mílígíráàmù 160 mì ní aago 10 alẹ́: nǹkan bí 80 ṣì wà lára rẹ̀ ní aago 3 òru, nǹkan bí 40 sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ bá lù ní aago 8 àárọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ sùn, oorun náà kì í jinlẹ̀, ọpọlọ sì nílò oorun tó jinlẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tí ọmọ kà tó lè dúró sí i lórí. Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: àwọn ọmọ ń fi oorun tí ì bá ti ìwé mọ́ wọn lórí ra àkókò láti ka ìwé ọ̀hún.

Ní ti iye tí ó pọ̀ jù, àjọ EFSA tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu tó mílígíráàmù 400 lójúmọ́ láìséwu, kí ó má ṣe ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún aláboyún, 200 ni fún odindi ọjọ́ kan. Fún ọmọdé àti ọ̀dọ́, 3 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n. Ọmọ tí ó wọn kílò 50 kò gbọdọ̀ kọjá 150. Agolo ẹ́nájì dírínkì kékeré tí ó jẹ́ mílílítà 250 sábà máa ń ní 80, ńlá tí ó jẹ́ 500 a sì ní 160, èyí tí ó ti kọjá òdiwọ̀n kí a tó ka kọfí òru mọ́ ọn. Ṣíbí kékeré kan kọfí lẹ́bú ń lọ sí nǹkan bí 60, ife tíì a máa ní bí 40, ìgò mínírà dúdú kan a sì ní bí 35. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó fún wọn, kí wọ́n fúnra wọn ṣe àròpọ̀ rẹ̀.

Awakọ̀_Ọ̀ffà fèsì pé:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun fún àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi obì sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obì ni a fi ń gbé ìyàwó, òun ni a fi ń sọmọ lórúkọ, òun ni a fi ń kí àlejò, àwọn bàbá wa sì jẹ ẹ́ dọ́jọ́ ogbó. Ọ̀nà Ọ̀ffà sí Ìlọrin ni mo ń ná. Kí a tó kírun àsùbá tán, èrò ti pé nínú ọkọ̀, kò sì sí olóúnjẹ kankan tí ó tíì gbé ìkòkò kaná ní garéèjì. Awẹ́ obì kan ni ń bẹ lẹ́nu mi títí n ó fi kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí mo bá ní kí n fi àmàlà dí inú kí n tó gbéra, oorun ni yóò gbé mi lórí sítíárì. Èwo ni ó wá burú nínú méjèèjì?

Apòògùn_Tánkẹ́ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ ń rò. Òótọ́ ni pé obì kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n a kò lè yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé kaféènì kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbáà jẹ́ obì àbàtà, ìbáà jẹ́ gbàǹja, nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 obì gbígbẹ ni kaféènì, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí John Pemberton po ohun mímu tí ó di Coca-Cola ní ìlú Atlanta lọ́dún 1886, obì wà lára ohun tí ó lò, ibẹ̀ sì ni ìdajì orúkọ náà ti wá. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, ni ó kọ́kọ́ yọ kaféènì jáde láti inú hóró kọfí ní ọdún 1819, àmọ́ ẹnu àwọn ará wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó ní orúkọ. Orógbó ní tirẹ̀ yàtọ̀, igi mìíràn ni, kì í lé oorun bí obì.

Ní ti ọkọ̀ wíwà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Obì tí ẹ fi lé oorun dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ bo ojú géèjì epo: ọkọ̀ ń lọ, ojú kò rí ìkìlọ̀, epo sì ń tán lọ. Ẹni tí kò sùn dáadáa lè gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 láì tilẹ̀ mọ̀ pé òun sùn, pẹ̀lú obì lẹ́nu. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti kọjá mítà 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3 náà. Bí oorun bá ń kun yín lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí kò léwu, ẹ jẹ obì yín, kí ẹ sì sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 péré. Nígbà tí ẹ bá fi máa jí, kaféènì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oorun díẹ̀ náà sì ti ṣe tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí mo ń rí lẹ́nu káńtà mi lójoojúmọ́. Àwọn òògùn orífífọ́ kan ní kaféènì nínú. Hóró Panadol Extra kan ní mílígíráàmù 65, ìyẹ̀fun Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó mu kọfí, tí orí wá ń fọ́ ọ nítorí àìsùn, tí ó sì lo hóró méjì sí i, kaféènì ni ó tún fi lé kaféènì. Bákan náà, bí dókítà bá kọ òògùn ciprofloxacin fún yín, ẹ dín obì àti kọfí kù títí ẹ ó fi lò ó tán, nítorí pé òògùn náà ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti tú kaféènì palẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹ sì ń jẹ tẹ́lẹ̀ láìséwu yóò wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Ìpàta fèsì pé:

Ọmọ mi obìnrin ni ó ń bá mi kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ti sọ̀rọ̀ kọfí, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń jí fọ́n iná sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ọkàbàbà ni mo fi ń ṣe ògì tèmi, mo sì ń po àgbàdo díẹ̀ mọ́ ọn. A ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí èékánná yóò fi lè wọ hóró rẹ̀. A ó ṣàn án, a ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ni a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èèrí di ti àwọn ọlọ́sìn ẹran, ògì sì rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Olùkọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ tí ń dúró níwájú mi láàárọ̀ kì í ra oúnjẹ tó pé. «Ìyá, ẹ̀kọ ni kí ẹ bù, kí ẹ fi ṣúgà sí i dáadáa, mi ò fẹ́ àkàrà.» Mo máa ń bá wọn jà. Ẹ̀kọ àti ṣúgà nìkan kì í pẹ́ nínú. Kí oòrùn tó mú, ọmọ náà yóò tún ti máa wá nǹkan mìíràn.

Èyí tí ó yẹ ni kí ó jẹ àkàrà mọ́ ọn, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a sì pò nínú ọpọ́n títí ó fi wú fúkẹ́fúkẹ́, kì í fa epo mu púpọ̀ bí a bá dín in nínú epo tó gbóná tó. Èyí tí kò wú ni ó máa ń wúwo, tí epo ń ro lára rẹ̀. Ọlọ́run sì fi wàrà jíǹkí Ìlọrin. Àwọn ìyá Fúlàní ń gbé e wá nínú igbá láàárọ̀, wàrà tí omi ewé bomubomu mú kí ó dì. Ẹ sè é tàbí kí ẹ dín in kí ẹ tó fún ọmọ. Ègé wàrà méjì pẹ̀lú ife ẹ̀kọ kan, ọmọ náà yóò dé ọ̀sán.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèOdò fèsì pé:

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Ọ̀rá kọfí kan kò wọ́n tó ẹ̀kọ, àkàrà àti wàrà pọ̀. Àwa tí a ń gbé ilé àjùmọ̀gbé ní ẹ̀yìn Yunifásítì Ìlọrin, a máa ń yan èyí tí apá wa ká, kí a sì fi omi lé e. Kí ni ẹni tí kò ní ju ìwọ̀nba lọ lè ṣe?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Ìpàta fèsì pé:

Ọmọ mi, ẹ jọ dáwó ra ẹ̀wà ní kóńgò. Ẹ sè é lálẹ́, kí ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ kí ó gbóná dáadáa. Gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí náà sàn ju omi kọfí lọ lọ́nàkọnà. Kí kúlíkúlí pọ̀ níbẹ̀, kí ṣúgà kéré.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÒyì fèsì pé:

Ìyá, ẹ kú làálàá o. Ohun tí ẹ ń fi ojú rí níwájú ìkòkò yín, ó ní ìdí. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, èèrí tí a dànù máa ń gbé púpọ̀ lára èròjà amáradàgbà àti èròjà afáralókun lọ, ohun tó sì kù jẹ́ afúnnilágbára ní pàtàkì. Ó ń tètè dà nínú, pàápàá bí ṣúgà bá pọ̀ nínú rẹ̀. Àgbàdo àti ọkàbàbà kò ní lysine tó, èyí tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn èròjà kéékèèké tí ara fi ń mọ ẹran ara. Ẹ̀wà ní i dáadáa. Ẹ̀wà náà kù díẹ̀ káàtó níbi òmíràn tí ọkà ní. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà fi jẹ́ oúnjẹ pípé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì pé tó bẹ́ẹ̀ ní òun nìkan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀wà gbígbẹ ni èròjà amáradàgbà, ìyẹn ni ó ń mú kí ebi pẹ́ kí ó tó padà dé.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tí kò bá jẹun láàárọ̀ ni yóò ṣàìsàn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ó jẹun dáadáa lálẹ́, lè dúró. Ọmọ tí ń dàgbà yàtọ̀, pàápàá èyí tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ lálẹ́ àná; òun ni àìjẹun àárọ̀ ń hàn lára rẹ̀ jù nínú kíláàsì.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Tíì àti kọfí ní èròjà kan tí ń dì mọ́ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, tí kì í jẹ́ kí ara gbà á. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà, tí ó sì fi ife tíì gbígbóná sìn ín lójú ẹsẹ̀, ti pàdánù púpọ̀ lára èrè oúnjẹ náà. Kí ó jẹ́ kí wákàtí kan kọjá. Ọsàn tàbí èso mìíràn tí ó ní fítámì C ni ó yẹ kí ó jẹ mọ́ oúnjẹ náà, nítorí pé ó ń ran áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ láti wọ ara. Aláboyún ni mo ń bá wí jù, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ obì nítorí itọ́ tí ń kún wọn lẹ́nu. Bí oyún bá ti ń dàgbà ni ara ń lọ́ra sí i láti mú kaféènì kúrò. Nígbà tí oyún bá fi máa wọ oṣù ìkẹyìn, ó lè gba tó wákàtí 15 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, ọmọ inú kò sì ní agbára láti tú tirẹ̀ palẹ̀ rárá.

Alfa_Pàkátà fèsì pé:

Àsàlámù aléékùn. Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sákòókò. Ọdọọdún ni mo ń rí i ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ Ramadan: àwọn ènìyàn ń wá sí mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ lórí, wọ́n ní ààwẹ̀ ń fọ́ àwọn lórí. Ó sì ń jọ mí lójú pé àwọn onítíì àti àwọn olóbì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣé kaféènì ni, àbí òǹgbẹ? Kí ni kí a sì máa sọ fún àwọn ìjọ kí oṣù tó wọlé?

Apòògùn_Tánkẹ́ fèsì pé:

Wàaléékùn sàlámù, Alfa. Méjèèjì lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kíyè sí yẹn tọ̀nà gan-an. Ara tí ó ti mọ́ kaféènì lójoojúmọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn láàárín wákàtí 12 sí 24 tí kò bá rí i: orífífọ́, àárẹ̀, inú kíkan. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ni ó ń le jù, ó sì lè tó ọjọ́ 9 kí ó tó tán pátápátá. Kò léwu, ṣùgbọ́n ó ń ni ẹni lára, kò sì yẹ kí ó ba ìjọsìn ẹnikẹ́ni jẹ́ nígbà tí a lè dènà rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣàábánì tó ṣáájú Ramadan ni kí wọ́n ti máa dín in kù. Ẹni tí ń mu ife mẹ́rin kí ó di mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó di méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan tí ó lè mu lẹ́yìn ìṣínu. Kí ó má ṣe sún un di ẹ̀yìn ìrun àṣámù, torí oorun. Ní àsìkò sàárì, kí oúnjẹ jẹ́ èyí tí ń pẹ́ nínú, bí ẹ̀wà, ẹyin, wàrà àti ẹ̀kọ, pẹ̀lú omi tó tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi kún un nípa ìgbóná. Ní ọdún 2016, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, kéde pé kò sí ẹ̀rí tó láti sọ pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n pé ohun mímu tí ó bá gbóná ju ìwọ̀n 65 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀kọ tí ń hó yàà tí à ń gbé mì nítorí àtitètè jáde kò yọ sílẹ̀ nínú èyí. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀.

Olùkọ́_Gánmọ̀ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ní pàtàkì Ìyá Ẹlẹ́kọ. Èyí tí mo ń gbé lọ sí ìpàdé òbí ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ gba ẹlẹ́kọ kan àti alákàrà kan láyè láti wọlé kí a tó tò síta ní àárọ̀, kí a sì sọ fún ẹni tí ń ta nǹkan lẹ́nu géètì wa pé kí ó má ta ẹ́nájì dírínkì fún ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìṣirò mílígíráàmù náà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ Ajé.

Awakọ̀_Ọ̀ffà fèsì pé:

Mo ti gbọ́ ti sísùn fún ìṣẹ́jú 20, ó mọ́gbọ́n dání. Obì mi ṣì wà lápò o. Ìbéèrè mi ìkẹyìn: ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, mo sì ń lo òògùn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, wọ́n ní ó ga, bẹ́ẹ̀ mo sì lo òògùn mi lọ́jọ́ náà. Ṣé obì lè wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÒyì fèsì pé:

Ó lè wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kaféènì máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fún wákàtí mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ má fi obì, kọfí tàbí sìgá kan ẹnu fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ṣì ga, ẹ sọ iye obì tí ẹ ń jẹ lóòjọ́ fún dókítà yín láìfi pamọ́, kí ó lè mọ̀ bóyá òògùn ni kí òun yí padà tàbí obì ni kí ẹ dín kù. Ẹ má ṣe dá òògùn náà dúró fúnra yín.